Ariwo Inú Rédíò Bàbá Àgbà

Etí la fi ń mọ àsìkò ní agboolé wa ní Ìlá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà á ti máa họ àgbàlá, fẹ̀ẹ̀, fẹ̀ẹ̀, bí ẹni tó ń bá ilẹ̀ wí. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi á máa ṣàn láti inú kẹ́tùlù tí Bàbá Àgbà fi ń ṣe àlùwàlá, tí òun náà á sì máa wúkọ́ láàárín, ikọ́ tí àwọn adìyẹ pàápàá ti mọ̀. Bí oòrùn bá yọ, ẹ̀rọ ìránṣọ Bọ̀dá Ráṣí, àbúrò bàbá mi, á bẹ̀rẹ̀ sí kùn nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó kọjú sí títì. Lọ́sàn-án, ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Bàṣíírù, á máa fi ọmọ odó fọ́ yìnyín fún àwọn tó wá ra omi tútù. Nírọ̀lẹ́, rédíò Bàbá Àgbà ló ni ilé. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo sì mọ gbogbo ìró wọ̀nyí bí ẹní mowó. Èyí tí mò ń wá nínú wọn ni kò sí. Ìyá mi ní bàtà pẹlẹbẹ kan tó máa ń gbá a ní gìgísẹ̀, pàá, pàá, tó bá ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Nígbà mìíràn mo máa ń dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró, kí n lè gbọ́ ọ dáadáa, kí n tó rántí pé kò sí nílé.

Bàbá mi ti kú ní ọdún méjì ṣáájú. Sáfúrátù ni orúkọ ìyá mi. Ọ̀tan ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, ṣùgbọ́n òbí rẹ̀ méjèèjì ti kú, kò sí ẹni tó lè sá lọ bá níbẹ̀ mọ́. Nígbà ọyẹ́ ọdún náà, ó di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ sí Òkè Ọya, òun fẹ́ lọ máa ta aṣọ. Àárọ̀ ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti rí iná mọ̀nàmọ́ná kẹ́yìn, nítorí tiransifọ́mà àdúgbò wa ti jó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, ó ń tún bọ́tìnnì ẹ̀wù mi ṣe, bọ́tìnnì tí kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ó ní, "Múlíkà, máa gbọ́ rédíò Bàbá ní gbogbo Àlàmísì. Bí mo bá ti rí ibi fìdí lé, màá ránṣẹ́ sí ọ." Mo ní, "Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀, Màmá?" Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Wọ́n á kà á ni. Wọ́n á pe orúkọ ẹ." Mo rí i bó ṣe fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó sì fi àkísà dí abẹ́ ilẹ̀kùn náà nítorí eku. Lójú tèmi, ẹni tó bá ti yàrá rẹ̀ pa ti fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ nílé.

Gbogbo ilé ló mọ ètò tó ń sọ yẹn. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ní ọjọ́ Àlàmísì, àwọn ará rédíò máa ń ka ìkíni àti iṣẹ́ tí àwọn tó wà ní ìdálẹ̀ rán sílé. "Làmídì tó wà ní Kàdúná ń kí ìyá rẹ̀ àti gbogbo ará ilé ní Òkè-Ìlá. Ó ní ara òun ti yá. Ó ní kí wọ́n má ta ewúrẹ́ náà." Ohùn ọkùnrin tó ń kà á jinlẹ̀, kì í kánjú. Ìyá Àgbà kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbómìnà pọ́ńbélé ni òun ń sọ, ó sì ní àwọn ará rédíò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Àgbà ní tirẹ̀ kì í fẹ́ kí ohunkóhun fo òun. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kò rí obì tó ń tà mọ́ àfi kó fi ọwọ́ wò ó. Rédíò yẹn ló ń bá a rìn dé ibi tí ẹsẹ̀ àti ojú rẹ̀ kò lè dé mọ́. Inú àpò awọ ló wà, ó ní okùn tí a fi ń gbé e kọ́ èjìká, òkúta bátìrì mẹ́rin ló sì ń lò. Iṣẹ́ mi ni láti sá àwọn òkúta náà sóòrùn lórí páànù ilé adìyẹ bí agbára wọn bá ti ń tán.

Nígbà tí wọ́n tún tiransifọ́mà ṣe, tí iná dé, gbogbo ọmọ àdúgbò ló hó yèè. Ní agboolé wa, a kì í pa swíìṣì tí iná bá lọ. Bí a bá pa á, báwo la ṣe máa mọ̀ pé iná ti dé? Gílóòbù ló máa ń sọ fún wa. Èyí tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀ á là, fáànù Bọ̀dá Ráṣí á bẹ̀rẹ̀ sí yí, fíríìjì Ìyá Bàṣíírù á gbọ̀n jìgìjìgì bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ariwo wọ inú rédíò. Kì í ṣe èyí tí òjò máa ń fà, tó máa ń sán lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí dà bí ìgbà tí wọ́n da nǹkan tútù sínú epo gbígbóná: gìrììì, á dá díẹ̀, á tún ṣe gìrììì. Bí iná bá lọ, ariwo á bá a lọ. Bí iná bá dé, òun náà á dé. Òkúta ni rédíò ń lò, kò fara kan iná ilé rárá, síbẹ̀ iná ilé ló ń dà á láàmú. Bàbá Àgbà á gbé e sókè, á gbé e sílẹ̀, á na irin eríàlì rẹ̀, á tún pa á dé. "Ẹ wo ọ̀ràn," ló máa ń wí. "Ẹran mi kò wọ oko wọn, wọ́n ń lù ú."

Àlàmísì kan kọjá, òmíràn kọjá, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Èmi á jókòó sí ẹsẹ̀ Bàbá, obì tí a ti rẹ sómi á wà nínú abọ́ níwájú mi, èmi á máa bó èèpo rẹ̀, èmi á máa ya èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀. Etí mi á wà lókè. "... tó wà ní Jọ́ọ̀sì ń kí gìrììì, àti ọmọ rẹ̀ gìrììì, ó ní kí wọ́n gìrììì." Mo bẹ̀rẹ̀ sí gbà pé inú gìrììì yẹn ni orúkọ mi wà. Ó ti dá mi lójú. Mo máa ń rò ó lórí ẹní pé ìyá mi ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, pé ó ti ń bínú pé kò sí ẹni tó dá òun lóhùn. Bí mo ṣe ń rò ó lónìí, ariwo yẹn ṣàánú mi. Ọmọ tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ lè sọ pé òun ni kò gbọ́. Kò pọn dandan kó sọ pé wọn kò pè é. Ṣùgbọ́n nígbà náà mo kórìíra rẹ̀ ju paramọ́lẹ̀ lọ.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi kì í sọ̀rọ̀ nígbà náà, n kò sì tíì fi bẹ́ẹ̀ máa sọ ọ́ di òní. Àwọn ọmọ Bọ̀dá Ráṣí ń pè mí ní Múlíkà Odi. Tí a bá jọ lọ pọnmi, wọ́n á ní, "Odi, sọ pé 'omi' ká gbọ́!" Ìyá Àgbà, tó máa ń fi oríkì mi pè mí, á jágbe mọ́ wọn: "Ẹ fi Àṣàkẹ́ mi sílẹ̀! Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń sinmi, etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́." Wọ́n á sá. Èmi náà á gbé korobá mi, n ó wá ibi tí n ó jókòó sí títí omi yóò fi kàn mí.

Bàbá Àgbà ló fúnra rẹ̀ rán mi lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá Múfú, tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ọlọ́kadà máa ń dúró sí. Mo dé ibẹ̀, mo dúró síwájú tábìlì rẹ̀. Ó ń jó òjé mọ́ nǹkan kan, èéfín ń wọ̀ ọ́ lójú. Mo dúró títí.

"Ọmọ yìí," ló wí láìgbójú sókè, "ṣé o wá kí mi ni àbí o wá ṣọ́ mi?"

Mo na rédíò sí i. Ó tàn án. Ohùn obìnrin kan jáde, ó mọ́ gaara, ó ń polówó ọṣẹ. Bọ̀dá Múfú wò mí. "Kí ló wá ṣe é?"

"Nílé," mo wí. "Nílé wa ló ti ń pariwo. Tí iná bá wà."

Ó gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Háà. Kì í ṣe rédíò yín ni ara rẹ̀ kò yá, ìyá mi. Nǹkan kan nínú ilé yín ni ara rẹ̀ kò yá. Ìkérora rẹ̀ ni rédíò ń gbọ́." Ó tú ẹ̀yìn rédíò, ó fi ọ̀pá dúdú kékeré kan hàn mí, tí wáyà pupa tín-ínrín wé mọ́ lára. "Etí rẹ̀ nìyí. Ó máa ń gbọ́ ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ohun tó bá wà lọ́gangan orí rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ. Nítorí náà, máa yí rédíò yìí díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ariwo bá ti rẹlẹ̀ jù, orí rẹ̀ ń nàka sí ibi tí nǹkan náà wà. Gbé e máa lọ síbẹ̀. Bó bá ń pọ̀ sí i, o ń sún mọ́ ọn. Má jẹ́ kí wáyà ara ògiri tàn ọ́ o, torí ariwo máa ń gba inú wáyà rìn bí omi ṣe ń gba inú páìpù. Kí àwọn àgbà ilé sì máa pa nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n bá pa tí ariwo kú, òun ni olè. Ṣé o gbọ́?"

Mo mi orí.

"Ẹnu ńkọ́? Ṣé wọ́n yọ ọ́ ni?"

"Mo gbọ́, Bọ̀dá."

Ojú ọ̀nà ni mo ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí, bí ẹni ń kọ́ súrà. Mo rò ó fún Bàbá Àgbà láìfo ọ̀kan. Ó gbọ́ ọ tán, ó fi ọwọ́ wá orí mi títí ó fi rí i. "Ìyá mi," ló wí, nítorí wọ́n ní mo jọ ìyá tó bí i lọ́mọ, "o ti ń sọ̀rọ̀ báyìí tí o kò sọ fún wa?"

Ibi tí wáyà iná ti wọ ilé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Ráṣí, ni rédíò kọ́kọ́ nàka sí. Ẹ̀rọ ìránṣọ Bọ̀dá Ráṣí ní mọ́tò kékeré tó ń fi iná ṣiṣẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Àgbà ló bá mi pariwo láti orí àga rẹ̀: "Ráṣí! Pa ẹ̀rọ yẹn ná!"

"Bàbá, ṣòkòtò Alùfáà ló wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ yìí o. Ṣé kí Alùfáà wọ ẹsẹ̀ kan lọ kí Jímọ́ọ̀ ni?"

"Pa á!"

Ó pa á. Rédíò ṣe gìrììì. Bọ̀dá Ráṣí gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Èmi ti jàre. Múlíkà, gbé ọlọ́pàá ẹ lọ síwájú."

Ó kan fíríìjì. Ìyá Bàṣíírù ti gbọ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti dúró níwájú rẹ̀ bí abiyamọ tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀. "Ẹn-ẹ́n! Mo ti mọ̀ pé èmi ló kàn. Òjò kò tètè rọ̀, fíríìjì mi ni. Adìyẹ kò yé, fíríìjì mi ni. Bàbá ń wúkọ́, fíríìjì mi náà ni!"

"Ìyá Bàṣíírù," Bàbá wí, "ìṣẹ́jú kan péré."

"Bàbá mi, yìnyín kò mọ ìṣẹ́jú kan. Yóò yọ́ ni."

Ó pa á pẹ̀lú ìbínú, tòun ti sitabiláísà tó wà lórí rẹ̀. Ariwo rẹlẹ̀. Gbogbo wa mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, gìrììì. Ìyá Bàṣíírù pàtẹ́wọ́, ó jó yí mi ká. "Ẹ wá tọrọ gáfárà lọ́wọ́ fíríìjì mi! Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan!" Bàbá Àgbà ló kọ́kọ́ tọrọ. "Fíríìjì, má bínú o," ló wí, ojú rẹ̀ sì kọ sí ilé adìyẹ, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín. Mò ń ka ọjọ́ tó kù kí Àlàmísì pé.

Bí ọjọ́ náà ṣe pé, iná wà láti àárọ̀. A jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá, mo fọ abọ́, àwọn ọkùnrin kírun Àsárì. Bọ̀dá Ráṣí ti ń gbádùn iṣẹ́ náà báyìí ju ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó pa fáànù, ó pa gílóòbù gbogbo, ó yọ áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Ariwo kò kú. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò ló ti ń wá nìyẹn. Bàbá Àgbà ní, "Yọ fíúsì ilé ká wò ó." Ó gun àpótí, ó fà á yọ. Rédíò dákẹ́ lójijì, bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Ó dá a padà, gìrììì. Ó sún mọ́ mítà, ó ní, "Bàbá, irin róbótó inú mítà ń yí. Gbogbo nǹkan la ti pa, ó ṣì ń yí."

"Nǹkan kan ṣì wà nínú ilé yìí tó ń jẹ iná tí a kò mọ̀ sí," ni Bàbá Àgbà wí. "Ìyá mi, gbé rédíò."

Mo gbé e kọ́ èjìká, mo wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òkùnkùn ni ibẹ̀, lọ́sàn-án gangan pàápàá. Mo yí i lọ́tùn-ún, ó pariwo. Mo yí i lósì, ó pariwo. Nígbà tí orí rẹ̀ kọjú sí ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rẹlẹ̀. Mo kọjá ilẹ̀kùn Ìyá Àgbà. Mo kọjá yàrá tí a ń kó agbọ̀n obì sí, òórùn ewé tútù tí a fi tẹ́ wọn ń jáde síta. Ariwo ń ga sí i ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ẹnu ilẹ̀kùn ìyá mi, ó ti dà bí ìgbà tí òjò oníyìnyín bá ń rọ̀ sórí páànù. Mo pa rédíò. Mo gbé etí lé ilẹ̀kùn. Nǹkan kan ń dún nínú rẹ̀, tín-ín, tín-ín, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fi èékánná ta gíláàsì. Kí n má purọ́, ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé ìyá mi wà nínú ibẹ̀.

Bọ̀dá Ráṣí dé ẹ̀yìn mi, òun náà gbọ́ ọ. Ó gbá itan rẹ̀. "Kò sí iná lọ́jọ́ tó lọ! Swíìṣì wà ní títàn. Ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ, iná dé, kò sí ẹni tó mọ̀." Ó ní ọ̀pá iná funfun gbọọrọ tí bàbá mi rà sí yàrá náà nígbà ayé rẹ̀ ni. Ó ti gbó, ó fẹ́ tàn, kò lè tàn, láti ìgbà ọyẹ́ ló ti ń gbìyànjú. "Ẹ bá mi mú òòlù," ló wí. "Ká já àgádágodo yìí."

Mi ò mọ ìgbà tí mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà. "Ẹ má já a," mo wí. Ohùn mi jáde ju bí mo ṣe rò lọ. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já a. Màmá mi ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Tó bá dé tó bá a ní jíjá, á rò pé a lé òun ni. Á tún padà lọ."

Ìyá Bàṣíírù, tó ti ń mú òòlù bọ̀, gbé e sílẹ̀. Bọ̀dá Ráṣí kò wò mí, ìyá rẹ̀ ló wò. Ìyá Àgbà ti dé láti ẹ̀yìnkùlé, èlùbọ́ tó ń jọ̀ ti pa á láwọ̀ dà títí dé ìgùnpá. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó mú etí ìró rẹ̀, ibi tó máa ń di nǹkan sí, ó tú u díẹ̀díẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan wà níbẹ̀.

"Kò sí ohun tí a fẹ́ já," ló wí.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ ohun tí kọ́kọ́rọ́ wà fún. Ẹni tó ń padà bọ̀ a máa mú tirẹ̀ dání. Nígbà tí mo dàgbà ni wọ́n tó sọ ìyókù fún mi, pé ọkùnrin kan ti wà tó fẹ́ fẹ́ ìyá mi ní Òkè Ọya kó tó kúrò nílé, pé ọmọ ilé bàbá mi ni mí, kò lè mú mi lọ sílé ọkọ mìíràn, pé lórí ìkúnlẹ̀ ló wà nígbà tó ń fi kọ́kọ́rọ́ náà lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́. Lọ́jọ́ yẹn, kọ́kọ́rọ́ nìkan ni mo rí, ó sì tó.

"Ìgbà wo ló fún yín?" mo bèèrè.

"Ọjọ́ tó lọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí nu kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ aṣọ rẹ̀, ó ń nu ún, ó ń nu ún. "Ó ní ọjọ́ tí o bá bèèrè òun ni kí n sọ fún ọ. O ò bèèrè rí, Àṣàkẹ́. Láti ìgbà ọyẹ́ ni mo ti ń dúró kí o bèèrè."

Ó ṣí ilẹ̀kùn. Iná náà ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú ní ìpẹ̀kun méjèèjì, á fò funfun lẹ́ẹ̀kan, á tún kú, tí yàrá sì ń yọ sí wa tó tún ń lọ. Mo rí pátákó bẹ́ẹ̀dì, kò sí tìmùtìmù lórí rẹ̀. Mo rí àwọn ìṣó tó máa ń fi aṣọ kọ́ lára ògiri, gbogbo wọn, kò sí aṣọ kan lórí wọn. Ó ti gbá ilẹ̀ kó tó lọ. Igun kan ni ìdọ̀tí wà, ó sì kó o jọ níbẹ̀ dáadáa. Òórùn káńfọ̀ tó máa ń fi sáàárín aṣọ ṣì wà nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀. Bọ̀dá Ráṣí gun pátákó bẹ́ẹ̀dì, ó yí nǹkan róbótó kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá iná náà, ó ní sitátà rẹ̀ nìyẹn, ó fà á yọ. Tín-ín tín-ín dá. Òkùnkùn kún inú yàrá títí Ìyá Bàṣíírù fi ṣí fèrèsé. Mo tan rédíò. Ọkùnrin olóhùn jíjinlẹ̀ yẹn bọ́ sáàárín wa bí ẹni pé ó wọlé wá jókòó: "Sàká tó wà ní Mìnnà ń kí gbogbo ará ilé rẹ̀ ní Ọ̀tan Ayégbajú. Ó ní àlàáfíà ni òun wà." Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pé. Kò sí ibì kan tí orúkọ lè fara pamọ́ sí.

Mo gbé e lọ fún Bàbá Àgbà ní iwájú ilé. Mo jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fa abọ́ obì sọ́dọ̀. Àwọn yòókù kò tẹ̀ lé mi. Ọkùnrin náà kà á lọ, ó kà á lọ, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mi ò bó obì kan. Nígbà tó ní ó di Àlàmísì mìíràn, orin bẹ̀rẹ̀. Bàbá Àgbà na ọwọ́, ó pa rédíò. Kò pa á rí kí ìròyìn tó dé.

"Ṣé wọ́n ti kà á tán?" ló bèèrè.

"Wọ́n ti kà á tán, Bàbá."

"Àwọn wo ni wọ́n kí?"

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Ó mọ́ ketekete lónìí."

"Mi ò gbọ́ rédíò," ni Bàbá Àgbà wí. "Ìwọ ni mò ń gbọ́."

Mi ò sunkún. Bóyá mímí mi ló ń gbọ́, mi ò mọ̀. Mo nu ọwọ́ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn ènìyàn náà fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọkùnrin rédíò ṣe kà wọ́n. Mo ní Sàká tó wà ní Mìnnà ń kí gbogbo ará ilé rẹ̀ ní Ọ̀tan, ó ní àlàáfíà ni òun wà. Mo ní Ìyábọ̀ tó wà ní Sókótó ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní òun ti bí ọkùnrin. Mo ní Jímọ̀ awakọ̀ ń kí ìyàwó rẹ̀, ó ní kó má ṣe gbin àgbàdo sí ilẹ̀ apá odò títí òun yóò fi dé. Bàbá Àgbà ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ pé "Ó dáa," ó ń sọ pé "Ọlọ́hun á gbà á." Mi ò sọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nígbà tí mo ka ẹni ìkẹyìn tán, ẹnu mi kò dúró.

"Sáfúrátù," mo wí, "tó wà ní Òkè Ọya, ń kí ọmọ rẹ̀ Múlíkà ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ó ní..."

Mi ò rí nǹkan kan fi sí i. Mo wá a, mi ò rí i. Àwọn adìyẹ ti ń wọlé, ẹ̀rọ Bọ̀dá Ráṣí ti tún bẹ̀rẹ̀ sórí ṣòkòtò Alùfáà. Bàbá Àgbà dúró títí ó fi mọ̀ pé n kò ní lè parí rẹ̀.

"Ó ní kí o lọ jẹun," ló wí.

Mo dìde, mo lọ jẹun.